Psoriasis àti Jẹjẹrẹ: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣọ́ Ara Yín Láìfi Ìbẹ̀rù Sùn

Ọdún kẹrìnlá rèé tí psoriasis, àrùn awọ ara tó ń pa ìpẹ́, ti ń bá mi gbé. Ìgúnpá ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba orúnkún, ó wá gun orí. Nígbà tó kọ́kọ́ yọ, àwọn kan ní làpálàpá ni. Àbúrò ìyá mi kan rọra bi ìyá mi léèrè bóyá kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Nígbà tí dókítà awọ ara wá sọ orúkọ rẹ̀ gan-an fún wa, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu gbogbo ilé: "Ṣé kò ní di jẹjẹrẹ báyìí?"

Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí èèyàn rí ìdáhùn gidi sí i. Ohun tí mo ti kọ́ láti ìgbà náà wá ni mo tò síbí, ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, fún ẹni tó ní in àti fún ẹni tó ń tọ́jú ẹni tó ní in.

Kí a tó gbéra, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí: psoriasis fúnra rẹ̀ kì í yí padà di jẹjẹrẹ. Ìpẹ́ tó wà ní ìgúnpá yín kò ní jí lọ́jọ́ kan kó di kókó. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, tó yẹ kó máa dènà àrùn, dojú ìjà kọ awọ ara fúnra rẹ̀. Awọ tó yẹ kó gba nǹkan bí oṣù kan kó tó pààrọ̀ ara rẹ̀ wá ń ṣe é láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ìdí nìyẹn tí ìpẹ́ fi ń lé ìpẹ́. Kì í ràn. Kì í ṣe àfiṣe, kì í ṣe èpè. Lọ́dún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ẹnu kò pé àrùn tó lágbára ni, tó yẹ kí ìjọba gbogbo orílẹ̀-èdè kọbi ara sí.

Síbẹ̀, àwọn tó ní in máa ń ní àwọn jẹjẹrẹ kan díẹ̀ ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Ìjà inú ara tí kì í dáwọ́ dúró wà lára ohun tó ń fà á. Àwọn oògùn kan náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni sìgá, ọtí àti ìsanra tó wọ́pọ̀ láàárín wa. Èyí tí mo rò pé àwọn èèyàn kì í ronú kàn rárá ni pé ohun tí wọ́n pè ní psoriasis lè má jẹ́ psoriasis láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ rí i dájú pé psoriasis ni lóòótọ́

Jẹjẹrẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní mycosis fungoides. Dókítà ará Faransé kan, Jean-Louis Alibert, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1806, ó sì sọ ọ́ lórúkọ olú nítorí pé kókó tó yọ lára aláìsàn náà jọ olú. Kò sí olú kankan níbẹ̀ o. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ ló di jẹjẹrẹ, tí wọ́n sì fi awọ ara ṣe ilé. Ó lè jọ psoriasis tàbí làpálàpá fún ọ̀pọ̀ ọdún, á máa yún, á máa pa ìpẹ́, èèyàn á sì máa pààrọ̀ ìpara lórí rẹ̀.

Lára èèyàn dúdú, ó máa ń fara hàn nígbà mìíràn bí àmì tó funfun ju awọ yòókù lọ. Psoriasis pàápàá kì í pupa lára wa bó ṣe máa ń rí nínú àwòrán ìwé àwọn òyìnbó. Àwọ̀ àlùkò, àwọ̀ eérú tàbí dúdú kirimú ló sábà máa ń ní, ìpẹ́ rẹ̀ á sì dà bí eérú gbígbẹ. Dókítà tí kò tíì rí i lára awọ dúdú rí lè ṣì í mú, nílé àti lókè òkun.

Àwọn ohun tó yẹ kó mú yín béèrè ìbéèrè sí i ni ìwọ̀nyí: bí ó bá jẹ́ ibi tí aṣọ máa ń bò, bí ìdí, ìbàdí, itan tàbí ọmú, ló wà jù; bí awọ ibẹ̀ bá fẹ́lẹ́ tó sì hun jọ bíi pépà; bí ìtọ́jú tó yẹ fún psoriasis kò bá ràn án lẹ́yìn oṣù mélòó kan; bí ó bá ń le sí i tó wá ń ga sókè.

Ẹ sọ fún dókítà pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè gé díẹ̀ lọ yẹ̀wò?" Wọ́n á fún yín ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ibẹ̀ dùn yín, wọ́n á fi irin kékeré kan mú awọ tí kò ju orí pẹ́ńsù lọ, wọ́n á rán an, wọ́n á sì gbé e lọ sí làábù. Mo mọ̀ pé àwọn kan gbà pé bí ọ̀bẹ bá ti kan jẹjẹrẹ, á tàn ká. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn dá yín dúró, gígé awọ díẹ̀ lọ yẹ̀wò kì í tan jẹjẹrẹ kálẹ̀. Nígbà mìíràn èsì àkọ́kọ́ kì í fi nǹkan hàn, ó lè gba kí wọ́n gé e lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ sì sọ fún wọn bí ẹ bá ń lo ìpara steroid (oògùn tó ń mú yíyún àti wíwú awọ rọlẹ̀) síbẹ̀, nítorí ó lè bo ohun tí wọ́n ń wá mọ́lẹ̀.

Ìgbà tí mo máa ní kí ẹ má gbà láìṣe àyẹ̀wò yìí ni ìgbà tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń tẹ àwọn ọmọ ogun ara lórí ba, tí ẹnì kankan kò sì dá orúkọ àrùn náà lójú. Àwọn kan wà tí wọ́n fún ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún "psoriasis," tó jẹ́ pé mycosis fungoides ni, ó sì ràn ká bí iná ọyẹ́.

Ohun kan sí i: bí psoriasis bá ṣàdédé yọ bo gbogbo ara ẹni tí kò ní in rí, tàbí tó ṣàdédé le lójijì, kí onítọ̀hún lọ ṣe àyẹ̀wò HIV. Kòkòrò náà máa ń ru psoriasis sókè, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn jẹjẹrẹ bíi Kaposi, tó sábà máa ń yọ sára awọ, àti lymphoma, ìyẹn jẹjẹrẹ àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀. Oògùn HIV tí ẹni náà bá ń lò déédéé máa ń mú awọ ara pàápàá rọlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ bí ewu náà ṣe tó

Lọ́dún 2016, àwọn olùwádìí gbé àbájáde kan jáde láti inú ìwé àwọn dókítà ìdílé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi àwọn tó ní psoriasis, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200,000, wé àwọn tó lé ní 900,000 tí kò ní in. Yàtọ̀ sí jẹjẹrẹ awọ ara tí kì í ṣe melanoma (melanoma ni èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọ̀ ara ti ń wá), ewu jẹjẹrẹ lápapọ̀ fi nǹkan bí 6 nínú 100 ga ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ilé tú u: ká ní 100 ló ní jẹjẹrẹ nínú 1,000 èèyàn tí kò ní psoriasis, nínú 1,000 tó ní psoriasis, ẹ ó rí bíi 106.

Ti lymphoma ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí 34 nínú 100. Ká ní 3 ló yẹ kó ní in nínú 1,000, á di 4. Lára àwọn tí psoriasis wọn le débi pé wọ́n ń gba oògùn tó lágbára tàbí ìtọ́jú oníná (ìmọ́lẹ̀ àkànṣe tí wọ́n ń tàn sí awọ ara), ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ti lymphoma awọ ara, bíi mycosis fungoides, ló ga jù lọ, ṣùgbọ́n àrùn tó ṣọ̀wọ́n gan-an ni, nǹkan bí ẹnì 1 nínú 100,000 lọ́dún, apá kan rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn tí wọ́n ṣi orúkọ mú fún, bí mo ṣe sọ lókè. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró náà pọ̀ díẹ̀. Ti ọmú, ìfun àti prostate (ẹṣẹ́ ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀) kò fi ìyàtọ̀ tó ṣeé dì mú hàn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka "ìlọ́po méjì," oorun kò kun ojú mi lóru ọjọ́ yẹn. Ìgbà tí mo bi ara mi pé ìlọ́po méjì kí ni, ni ara mi balẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ewu kan di ìlọ́po báyìí, ẹ bi í pé mélòó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ní ìwé kan fún gbogbo oògùn tó ti kan ara yín

Bí ẹ kò bá ṣe nǹkan mìíràn nínú gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ ṣe èyí.

Lọ́dún 1786, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Fowler, gbé oògùn olómi kan jáde tí wọ́n fi arsenic ṣe. Májèlé ni arsenic, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí ìpẹ́ psoriasis wábi gbà, àwọn dókítà sì fún àwọn aláìsàn mu fún ohun tó lé ní 150 ọdún. Ní àwọn ọdún 1880, Jonathan Hutchinson ní London ṣàkíyèsí pé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn aláìsàn psoriasis tó ti ń mu ún tipẹ́ ń yọ kókó líle kéékèèké, àwọn mìíràn nínú rẹ̀ sì di jẹjẹrẹ awọ ara. Oògùn ló fún wọn ní jẹjẹrẹ, kì í ṣe psoriasis.

Ìtàn yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi bí mo bá rí ìpara inú ike tí kò ní orúkọ lọ́jà. Èmi náà ti rà á rí. Oníkẹ́míìsì kan po ọ̀kan fún mi, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ara mi dán bí awẹ́ obì. Nígbà tó tán, psoriasis náà padà wá pẹ̀lú ìbínú, ó yọ níbi tí kò ti sí rí. Steroid tó lágbára ló wà nínú rẹ̀. Steroid oníhóró bíi prednisolone tàbí dexamethasone burú jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wa: bí èèyàn bá dáwọ́ rẹ̀ dúró lójijì, psoriasis lè padà wá pẹ̀lú ọyún, kó sọni dèrò ọsibítù. Àwọn ìpara bóra mìíràn ní mẹ́kúrì, tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ, iye, ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ fi àgbo náà kún un. Dókítà kò ní bá yín jà, bó bá sì bá yín jà, ẹ ṣì kọ ọ́.

Àwọn oògùn tó yẹ kí ẹ kọ sí ojú ewé tiwọn nìyí.

Ìtọ́jú PUVA, níbi tí èèyàn ti máa lo psoralen, oògùn tó ń jẹ́ kí awọ tètè gba ìmọ́lẹ̀, kó tó dúró síwájú iná UVA, irú ìtànṣán oòrùn kan. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ń tẹ̀ lé àwọn aláìsàn 1,380 tó gbà á láti 1975. Àwọn tó gbà á ju igba ìgbà lọ ní irú jẹjẹrẹ awọ ara kan tí wọ́n ń pè ní squamous ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ní 1990 wọ́n tún kéde pé ó ń yọ lójú ara àwọn ọkùnrin nínú wọn, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ní kí ọkùnrin bo nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ kó tó wọ inú ẹ̀rọ. Àwọn òyìnbó ló pọ̀ jù nínú wọn, awọ dúdú ní ààbò díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ ṣì máa ka iye ìgbà tí ẹ bá gbà á. UVB tóóró, irú ìtànṣán mìíràn tí wọ́n ń lò jù lónìí, kò tíì fi irú ewu bẹ́ẹ̀ hàn. Àfín tó ní psoriasis kò gbọ́dọ̀ lo ìtọ́jú oníná, kò sì gbọ́dọ̀ máa yá oòrùn nítorí àrùn náà, nítorí awọ rẹ̀ kò ní ohun tó ń dènà oòrùn.

Ciclosporin, oògùn tó ń tẹ àwọn ọmọ ogun ara lórí ba, máa ń ṣiṣẹ́ kíákíá, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ ju ọdún méjì lọ, ewu jẹjẹrẹ awọ ara ń ga, pàápàá lára ẹni tó ti gba PUVA rí. Ìdí nìyẹn tí ìlànà Amẹ́ríkà fi ní kó má ju ọdún kan lọ, tí àwọn ibòmíràn sì fi í sí ọdún méjì.

Methotrexate, òun náà ń tẹ àwọn ọmọ ogun ara lórí ba: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó, kì í ṣe ojoojúmọ́. Ẹni tó bá ṣì í lò lójoojúmọ́ lè kú. Ẹ yan ọjọ́ kan, ẹ kọ ọ́ sára ìlẹ̀kùn. Ó ṣọ̀wọ́n kí lymphoma yọ lára ẹni tó ń lò ó, àwọn kan nínú rẹ̀ sì máa ń lọ fúnra wọn bí wọ́n bá ti dá oògùn náà dúró. Ohun tó ń bà jẹ́ jù ni ẹ̀dọ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé òun àti ọtí kò gbọ́dọ̀ pàdé. Obìnrin tó lóyún tàbí tó ń wá oyún kò gbọ́dọ̀ lò ó.

Àwọn abẹ́rẹ́ tuntun tí wọ́n ń pè ní biologic ló ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù jù. Lọ́dún 2009, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ nípa lymphoma sára àwọn tó ń dènà TNF (èròjà inú ara tó ń ru ìjà náà sókè), nítorí ohun tí wọ́n rí lára àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ń lo oògùn mìíràn tó ń tẹ ara lórí ba pọ̀ mọ́ ọn. Láti ìgbà yẹn, wọ́n ti ń tẹ̀ lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbàlagbà tó ní psoriasis, ohun tí wọ́n rí sì fini lọ́kàn balẹ̀. Tofacitinib, oníhóró fún oríkèé ara tó ń dunni, ló gba ìkìlọ̀ tó le ní 2021, pàápàá fún ẹni tó ti fa sìgá rí.

Ìpara ọ̀dà èédú ńkọ́? Wọ́n tẹ̀ lé àwọn tó lé ní 13,000 ní ilẹ̀ Netherlands, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010, kò fi jẹjẹrẹ kún ti ẹnikẹ́ni. Ó ń rùn, ó ń ba aṣọ jẹ́, ṣùgbọ́n kò wọ́n, kò sì yẹ kí ẹ bẹ̀rù rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Àyẹ̀wò kí oògùn líle tó wọ ara

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ methotrexate, ciclosporin tàbí biologic, ẹ béèrè àyẹ̀wò àrùn mẹ́dọ̀wú B àti C, HIV, àti iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Fún biologic, ẹ fi ikọ́ ẹ̀gbẹ kún un. Mẹ́dọ̀wú B wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ ló sì ní in láìmọ̀. Òun fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ jù, oògùn tó ń tẹ ara lórí ba sì lè jí i lójú oorun. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ wo ara yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù

Mo máa ń ṣe é ní ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìwẹ̀, nínú ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi wo ẹ̀yìn, á sì fi fóònù ya èyí tó bá rí tuntun. Àwòrán yẹn wúlò ju ìrántí lọ, nítorí ojú máa ń mọ́ nǹkan lára.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí psoriasis wà. Èyí tí ìrísí rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ẹ ń wá: tó ṣẹ̀jẹ̀ láìfarapa, tó ga bíi kókó, tó di egbò. Egbò tí kò bá san láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè. Jẹjẹrẹ awọ ara tó ń jẹ́ melanoma, bó bá máa mú èèyàn dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ló sábà máa ń gbà. Psoriasis náà máa ń ba èékánná jẹ́: á jẹ́ ihò wínníwínní, á sì ṣí èékánná kúrò lórí ẹran. Ilà dúdú kan ṣoṣo lórí èékánná kan ṣoṣo, tó ń fẹ̀ sí i tàbí tó ti ń kọjá sára awọ ìdí èékánná, kì í ṣe iṣẹ́ psoriasis.

Ẹ fọwọ́ kan ọrùn, abíyá àti ìsàlẹ̀ itan bóyá kókó wà níbẹ̀. Bí ara bá ń gbóná lóru, tí òógùn ń rin aṣọ ìbùsùn gbindingbindin, tí ẹ sì ń rù láìgbààwẹ̀, ẹ má kàn ra oògùn ibà lẹ́ẹ̀kẹta. (Chloroquine, tí àwọn kan ṣì ń rà fún ibà, máa ń ru psoriasis sókè pẹ̀lú.)

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ bọ́ aṣọ fún àyẹ̀wò tó kan gbogbo èèyàn

Ìtìjú ni ọ̀rọ̀ tó wà níbí. Psoriasis máa ń wà lábẹ́ ọmú, ní ojú ara, ní àárín ìdí. Mo mọ obìnrin tó kọ̀ láti lọ ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ fún ọdún mẹ́sàn-án nítorí pé kò fẹ́ kí nọ́ọ̀sì rí itan òun. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, èmi ni. Àrùn awọ ara kò sì fi jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ kún tiwa, ìtìjú ló lè jẹ́ kí a rí tiwa pẹ́.

Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó bọ́ aṣọ: "Ẹ má bẹ̀rù ohun tí ẹ bá rí, psoriasis ni, kì í ràn." Lẹ́yìn gbólóhùn yẹn, ọ̀rọ̀ tán. Fún àwọn tó wà ní England, lẹ́tà àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ máa ń wá láti ọmọ ọdún 25 títí dé 64. Ẹ má jù ú nù. Nílé, ẹ béèrè rẹ̀ ní ọsibítù ìjọba. Ẹ mú àwọn ọmọbìnrin yín tó wà láàárín ọdún 9 sí 14 lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, tí ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí fún wọn ní oṣù kẹwàá 2023. Ẹ̀yin ọkùnrin, jẹjẹrẹ prostate ń mú nǹkan bí 1 nínú ọkùnrin dúdú 4 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ bá dókítà sọ ọ́, pẹ̀lú psoriasis tàbí láìsí i.

Ìgbésẹ̀ keje: Sìgá, ọtí, ìwọ̀n ara

Sìgá ń ru psoriasis sókè, òun náà ló wà nídìí ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ọtí náà bẹ́ẹ̀, paraga àti àgbo tí wọ́n rẹ sínú ògógóró sì jẹ́ ọtí. Ẹni tó sanra jù, bó bá fọn díẹ̀, awọ rẹ̀ sábà máa ń rọlẹ̀, oògùn á sì ṣiṣẹ́ dáadáa sí i.

Bí jẹjẹrẹ bá ti wà tẹ́lẹ̀

Ẹ sọ fún dókítà jẹjẹrẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ẹ ní psoriasis. Àwọn oògùn jẹjẹrẹ kan tó ń tú àwọn ọmọ ogun ara sílẹ̀ kí wọ́n lè bá kókó jà máa ń jẹ́ kí psoriasis gbiná. Ìyẹn kò ní kí ẹ má gbà á, ó kàn yẹ kí dókítà awọ ara ti wà nítòsí. Ìpara àti UVB tóóró ṣì lè wúlò. Acitretin, oògùn psoriasis oníhóró, náà wà, kì í tẹ àwọn ọmọ ogun ara lórí ba, ṣùgbọ́n obìnrin kò gbọ́dọ̀ lóyún títí ọdún mẹ́ta yóò fi kọjá lẹ́yìn tó bá dá a dúró.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ rí dókítà awọ ara

Ẹ kó gbogbo ike ìpara ilé sínú ọ̀rá kan, títí kan èyí tí kò ní orúkọ, ẹ gbé e dání. Ẹ má pa ìpara olóòórùn tàbí ọ̀ṣọ́ sójú, ẹ má kun èékánná, ẹ wọ aṣọ tó rọrùn láti bọ́. Ẹ mú ìwé yẹn àti fóònù tí àwòrán wà nínú rẹ̀. Kí ẹ tó jókòó, ẹ ti kọ ìbéèrè mẹ́ta sí ojú ewé àkọ́kọ́: Ṣé orúkọ àrùn yìí dá yín lójú, àbí ká gé díẹ̀ lọ yẹ̀wò? Oògùn tí ẹ fẹ́ fún mi yìí, ọdún mélòó ni mo lè lò ó mọ? Àyẹ̀wò wo ni mo máa ṣe láàárín kan, ìgbà wo ni mo sì máa padà wá?

Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀ kí ẹ tó dìde.